Egungun Tí Kò Sí Lọ́fun Ajá Kàríímù

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, tí mo ní ó dìgbóṣe. Ìyàwó mi bi mí pé níbo. Mo ní Wọ́tásáìdì ni, létí ọ̀sà lọ́hùn-ún, mo fẹ́ lọ yọ egungun lọ́fun ajá. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ràfíù, ṣé oorun ò tíì dá lójú yín ni?" Mo ní ojú mi dá ṣáká. Bí èèyàn bá ti pẹ́ láyé tó, kò sí iṣẹ́ tí wọn kò níí fi rán an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ilé wa. Egungun ẹja là ń yọ nílé wa. Kì í ṣe pé à ń fi ẹ̀mú yọ ọ́ o. Bí egungun bá há èèyàn lọ́fun, láti Òkè-Ṣọpẹ́n títí dé Àgọ́-Ìwòyè, wọn á gbé e wá, á máa tutọ́, á máa sunkún. Bàbá mi á bu òkèlè ẹ̀bà kan fún un tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ṣẹ́, á gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, á ní Bísímílà, á wá sọ ọ̀rọ̀ tí òun náà jogún: "Odò kì í tìtorí egungun ẹja wúkọ́. Gbé e mì!" Onítọ̀hún á gbé e mì, á dìde, á máa dúpẹ́. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe é, bóyá òkèlè ni, n kò bèèrè, nítorí ọmọ tó bá ń bèèrè irú rẹ̀ nílé wa kò níí jogún nǹkan kan. Èmi ni mo jogún rẹ̀. Òfin kan sì wà nídìí iṣẹ́ náà: ẹni tí a bá ti gbé ọwọ́ lé lọ́rùn, ohun tí a bá ní kó ṣe ló gbọ́dọ̀ ṣe, títí a ó fi ní "ó ti lọ". Bí a bá ní kó dìde, á dìde. Bí a bá ní kó dákẹ́, á dákẹ́, ìbáà jẹ́ olóṣèlú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, Sìfáwù, ló pè mí lórí fóònù. Abúlé kan létí ọ̀sà, lẹ́yìn Abígi, ló lọ́kọ sí. Kàríímù lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ó ń pẹja, ó sì ń ṣọdẹ, ó ní ajá kan tó fẹ́ràn ju ìyàwó lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, ìyàwó náà ló sọ ọ́. Ajá náà ń jẹ́ Kòyàmílẹ́nu. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń sọ ajá lórúkọ: ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ sí aládùúgbò lójú, ara ajá la ń gbé e kọ́, a ó wá máa pe ajá kíkankíkan láràárọ̀ níwájú ilé aládùúgbò. Nígbà tí àwọn ará abúlé ń ṣe ìlara ọkọ̀ ojú omi tuntun tí Kàríímù rà ni ó sọ ajá rẹ̀ ní Kòyàmílẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n," Sìfáwù ní, "egungun ti há Kòyàmílẹ́nu lọ́fun. Ẹnu rẹ̀ ya sílẹ̀, kò lè pa á dé, itọ́ ń dà yàà. Kàríímù ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí, kò rí egungun fà yọ. Eyín ajá tiẹ̀ ha á lọ́wọ́."

"Sìfáwù, ajá lẹ fẹ́ kí n wá gbé ọwọ́ lé lọ́rùn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀fun kì í ṣe ọ̀fun ni?"

Ajá tó ń jẹ́ Kòyàmílẹ́nu ni ẹnu wá yà. Mo ní mò ń bọ̀.

Ọkadà ló gbé mi dé gáréèjì. Ọmọ tó gùn ún gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ mi fún ọ̀nà tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn nígbà tí mo ṣì ní orúnkún. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde tí mo wọ̀ ní òun máa kọ́kọ́ yà sí Àgọ́-Ìwòyè lọ kó èrò, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúnàá dúrà. Ọ̀nà náà dára púpọ̀ lórí rédíò. Ojú títì gan-an ni kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti di ilé akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ara ògiri sì kún fún ìwé pélébé pélébé tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yóò bá wọn pín yàrá. Níbẹ̀ ni obìnrin kan ti wọlé tì mí. Ó gbé kúlà aláwọ̀ búlúù kan sórí itan. Mo rò pé yíògọ́ọ̀tì ló ń tà. Mo ní kó bá mi mú ọ̀kan tó tutù dáadáa.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ewúrẹ́ ni. Dókítà ẹran ni mí."

Ọmọ Ìkìrun ni, Títílayọ̀ ni ó pe ara rẹ̀, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, Abígi ni òun náà ń lọ, ó fẹ́ lọ fún àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ lábẹ́rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò tíì sanwó yíògọ́ọ̀tì.

A sọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, a jọ wọ bọ́ọ̀sì Abígi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lẹ́nì kan ni. Mo ní kí wọ́n dín in kù nítorí àgbà, dẹ́rẹ́bà ní àgbà kì í mu epo tó dín ju ti ọmọdé lọ. Ìyá kan dé, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ewúrẹ́ méjì sí búùtù. Ẹ wo ewúrẹ́! Ikun dí wọn nímú, ojú wọn rin gbindin, ọ̀kan ń wúkọ́ bí ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ mu tábà.

Dókítà yíjú sí i. "Màmá, ara ewúrẹ́ yìí ò yá."

"Ọ̀fìnkìn ni. Ṣé ọ̀fìnkìn ò ṣe ìwọ rí ni?"

"Kata nìyí, Màmá." Kata, fún ẹni tí kò sin ewúrẹ́ rí, ni àìsàn tó máa ń dí wọn nímú, tí ẹnu wọn á bó, tí wọn á ya ìgbẹ́ gbuuru, tí agbo odindi á fi tán. "Èyí tó wúkọ́ yìí, bó bá wúkọ́ sí òmíràn, ó ti kó o ràn án nìyẹn. Níbo lẹ ń gbé wọn lọ?"

"Ọjà Ibíadé. Àbí kí n fọwọ́ lẹ́rán títí wọn á fi kú sí mi lọ́wọ́?"

"Ẹni tó bá rà wọ́n ńkọ́?"

"Ìyẹn á mọ bó ṣe máa ṣe tiẹ̀. Ó dáa, dókítà, ra méjèèjì kí n má baà dẹ́ṣẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ pariwo ẹ̀rín. Mo bá wọn rín in. Àwa la mọ ìfẹ́ ọmọnìkejì. Bí àìsàn bá wọ agbo ẹnì kan nílẹ̀ wa, kì í dá a jẹ. Á yára gbé e lọ sọ́jà, á pín in yí ká bí ẹran iléyá, kó má baà jọ ẹni tó láhun. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ewúrẹ́ tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó yẹ kó kọ́kọ́ dá gbé lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ará ilé, àti pé abẹ́rẹ́ inú kúlà yìí ń dènà kata bí a bá gún un kí àìsàn tó dé. Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Nígbà tí a dé Ibíadé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí dókítà pé ó kú làálàá, ó wọ́ ewúrẹ́ méjèèjì gba ọ̀nà ọjà.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé Ibíadé ni ọ̀rọ̀ tèmi ti ṣẹlẹ̀. A ti kọjá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ilẹ̀ pupa ti ń di yanrìn funfun, oko kòkó ti ń di ọ̀pẹ àti irà, ni dókítà bi mí pé kí ni mò ń wá lọ. Mo ní egungun ni mò ń lọ yọ.

Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn. "Eégún kẹ̀? Bàbá, fìlà àlùwàlá lẹ dé yìí, ẹ sì ń gbé eégún?"

"Egungun ni mo ní, ìwọ ọmọ yìí! Egungun ọ̀fun. Wo iwájú ẹ kí ìwọ náà má baà di eégún."

"Ọ̀fun ta ni?" dókítà bi mí.

"Ọ̀fun ajá."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín títí. Dókítà nìkan ni kò rín. Ó ní, "Bàbá, ẹnu ajá náà ya sílẹ̀? Itọ́ ń dà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní n kò tíì bá a sọ̀rọ̀. "Ṣé wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára rí?" Mo ní àna mi kò tíì fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kankan rí, ká tó wá sọ ti ajá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ ajá yẹn lẹ́nu. Mò ń fura sí dìgbòlugi."

Ó wá kàn mí láti rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o mọ ìwé, n kò bá ọ jiyàn. Èdè Yorùbá ni mo mọ̀. Ajá tó ń sáré kiri, tó ń dìgbò lu igi, ni à ń pè ní dìgbòlugi. Orúkọ ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ajá tí mò ń lọ wò jókòó sójú kan bí olórí ẹbí. Igi tó wà lábúlé náà kò níye, kò gbò lu ọ̀kan ṣoṣo."

"Orúkọ yẹn gan-an ló ń pa wá, Bàbá. Ẹni tó sọ ọ́, èyí tó ń sáré ló rí. Ọ̀nà méjì ló ń gbà yọ. Òmíràn á sáré, á máa bu ohunkóhun tó bá pàdé jẹ. Òmíràn á dákẹ́. Àgbọ̀n rẹ̀ á rọ, kò níí lè gbé omi mì, ohùn rẹ̀ á yí padà. Gbogbo èèyàn á ní egungun há a lọ́fun, wọn á máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Inú itọ́ yẹn sì ni àìsàn náà wà."

"Bó bá wọ ara èèyàn ńkọ́?"

"Ó lè pẹ́ kó tó jáde, ó lè máà pẹ́. Bó bá ti wá bẹ̀rẹ̀, Bàbá, a ò ní oògùn tó ń wò ó. Ikú ni. Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà, abẹ́rẹ́ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí itọ́ yẹn bá kàn lójú egbò, kó fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kó fọ̀ ọ́ pẹ́ títí, kó sì lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kó má retí kí ajá gbò lu igi kankan."

Mo kàn wo ọwọ́ ọ̀tún mi lórí itan. Ọwọ́ tó ti ń fún ilé wa lóúnjẹ láti ìgbà ayé bàbá mi ni. Mo rọra kì í bọ àpò agbádá.

Ní Abígi, dókítà júwe ọgbà tí òun máa wà fún mi, ó ní kí n wá òun bọ̀ bí ó bá rí bí òun ṣe sọ. Ebi sì ń pa mí. Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, kó fetí sílẹ̀: bí o bá bèèrè ẹ̀bà ní apá ibẹ̀, wọ́n lè gbé púpurú wá fún ọ. Ẹ̀gẹ́ náà ni. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ ọwọ́, wọ́n á gbé e sókè iná kí èéfín fẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha èèpo dúdú náà kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ẹja tútù tí ìrù rẹ̀ yọ síta àwo. Púpurú náà rọ̀, ó sì ń rùn bí èéfín ẹ̀yìnkùlé. Gaàrí tiwa kan, ó máa ń kọjú sí èèyàn. Ẹ ó jọ jà kó tó wọlé. Púpurú ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kò dára tó tiwa, mo sì lá ọwọ́ mi.

Ọkadà kan tún gbé mi gba inú iyanrìn dé abúlé náà. Gbogbo abúlé ti pé. Sìfáwù ti kéde èmi àti òfin ilé wa láti àná. Wọ́n ti gbé àga kan kalẹ̀ fún mi lágbàlá, wọ́n gbé omi sí i, wọ́n tiẹ̀ ti tẹ ẹ̀bà òkèlè dè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀! Ẹ kú ewu ọ̀nà!" Kàríímù dọ̀bálẹ̀. Ó fi aṣọ dí ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní kó tú u. Ìlà eyín méjì wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀, ó ti fi epo pupa àti eérú kùn ún, ó ń dán.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Epo nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Oró kankan ò lè kọjá epo."

Ìdí igi àgbọn ni wọ́n so ajá náà mọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìdí igi. Igi wà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbò lù ú, kò tiẹ̀ wò ó. Ó jókòó, àgbọ̀n rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí ìkọ́ rẹ̀ jábọ́, itọ́ ń fà dé àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Mo kà á sí nǹkan kékeré, mo ṣá jìnnà sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ ọn," Kàríímù ní, "kì í jẹni. Láti ìgbà tó ti ń ṣe é ni kò ti rojọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni."

Mo ní kí wọ́n ju òkèlè ẹ̀bà kan sí i láti ọ̀ọ́kán. Ajá náà tẹ orí sí i. Ahọ́n rẹ̀ kàn ń rá lórí rẹ̀, kò lè kó o. Mo ní kí wọ́n fi igi ti igbá omi sún mọ́ ọn. Ó ti imú bọ inú omi, omi náà wọlé, ó tún jáde. Kò wúkọ́. Kò fi èékánná ha ẹnu. Mo ti rí ọ̀fun tí egungun há nígbà ayé mi. Ẹni tí egungun há máa ń bá a jà ni, á máa gbé e mì lásán, ojú rẹ̀ á máa bẹ èèyàn. Èyí ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan ní, "Bàbá Japara, ṣé ẹ fẹ́ yọ ọ́ ni àbí ẹ wá bá a ṣeré?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

N kò níí purọ́ fún yín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo rò ó pé bàbá mi kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìyọ egungun rẹ̀ rí. Mo ká apá agbádá mi. Mo dìde. Sìfáwù gbé òkèlè wá, Kàríímù ní òun á di orí rẹ̀ mú fún mi. Adìyẹ kan ló gba ẹ̀mí mi là. Ó gba iwájú ajá náà kọjá, ajá sì fẹ́ gbó o. Ohun tó jáde kì í ṣe gbígbó. Ó gùn, ó há, kò sì ní ìparí, bí ẹni tí ń fa àga onírin lórí sìmẹ́ǹtì. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" ni dókítà bi mí nínú ọkọ̀, tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo tú apá agbádá mi sílẹ̀.

"Egungun kò sí lọ́fun ajá yìí," mo ní. "Dìgbòlugi ni."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi wo ariwo! "Dìgbòlugi tó jókòó?" "Dìgbòlugi tí wọ́n so mọ́ igi?" "Ìgbà wo ló gbò lu igi?" Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún dókítà ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń sọ padà sí mi lójú, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n wà nínú ọkọ̀.

Kàríímù dìde, ojú ti pọ́n ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ti dàgbà. Agbára yẹn ti bá Bàbá yín lọ. Ẹ sọ pé ẹ ò lè yọ ọ́ mọ́, ẹ má bà mí lájá jẹ́. Ajá tó gbà mí lọ́wọ́ ọká ni."

"Mo gbọ́. Ajá yóò kú, Kàríímù. Ọwọ́ ẹ yìí ni mo ń wò. Abẹ́rẹ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Jẹ́ ká lọ gbà á lónìí."

"Abẹ́rẹ́ fún ohun tí eyín kàn ha lásán? Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ da àwọ̀n."

Sìfáwù ni n kò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó gbé àwo òkèlè kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Múbàrákù, èmi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi wá. Bó o bá kọ̀, èmi á bá a padà sí ulé wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá ajá kú, kí ajá ṣe opó fún un."

Ibẹ̀ ni òfin ilé wa ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo rìn tọ Kàríímù lọ, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé e lọ́rùn, ó sì fò.

"Bísímílà," mo ní. "Egungun náà wà lóòótọ́. Mo kàn wá a sí ọ̀fun tí kò sí ni. Ọ̀fun tìẹ ló wà. Ìdílé wa kì í yọ ti ajá, ti èèyàn là ń yọ. Mo ti gbé ọwọ́ lé ọ lọ́rùn. Títí n ó fi ní 'ó ti lọ', ohun tí mo bá ní kó o ṣe ni wàá ṣe. Ẹ̀yin ará abúlé, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òfin rẹ̀?"

Àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín ló kọ́kọ́ dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni! Kàríímù, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé ọ lọ́rùn o! Má ba nǹkan jẹ́!" Àwa èèyàn yìí: ẹ sọ fún wa pé àìsàn kan ń pani, a ó ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá, ẹ sọ pé òfin egungun ni, a ó gbé ẹni náà dé gáréèjì.

Mo ní kó fọ ọwọ́. Ó lọ sídìí poǹpù, Sìfáwù ń tẹ omi, èmi ń wò, ọṣẹ ń hó. Ó ní ó tó. Mo ní kò tó. Ó ní epo ti lọ. Mo ní kó máa fọ̀ ọ́ lọ. Ó fọ̀ ọ́ títí awọ ìka rẹ̀ fi hunjọ bí ti arúgbó. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ajá náà, kí ẹnikẹ́ni má sì lù ú pa. Ọkùnrin tó bú mi lẹ́ẹ̀kan ní bó bá kúkú máa kú, ẹran kan kì í ṣòfò, ata rodo ló ń fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi gbogbo ni ọlọ́gbọ́n wà.

A bá dókítà ní Abígi láàárín ewúrẹ́. Ó wo ọwọ́ Kàríímù, ó bèèrè ohùn ajá, mo sín in jẹ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní "ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀". Ó tẹ fóònù títí ó fi rí ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ náà wà, òun fúnra rẹ̀ lọ sí abúlé lọ rí sí ti ajá náà. Nínú bọ́ọ̀sì, Kàríímù di ọwọ́ náà mú bí ẹyin. Nígbà tí a kọjá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rù bà yín nígbà tí ẹ dìde sí i?"

"Rárá. Ìyẹn ló burú níbẹ̀."

Nílé ìwòsàn, nígbà tí Kàríímù tó ń lé ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ nínú òkùnkùn rí nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́, ó ní ṣé kò sí èyí tí wọ́n ń gbé mì. Wọ́n gún un lápá, wọ́n gún un lójú egbò, wọ́n ní á máa padà wá títí yóò fi pé. Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, nítorí bó bá padà sí ẹ̀bá ọ̀sà, ẹja á pè é ní ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ń pè é. Ajá náà kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Dókítà àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọn gbé orí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Òkìkí ti ṣáájú wa dé Japara. Fóònù kì í wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gbọ́ pé Bàbá Ràfíù lọ sí Wọ́tásáìdì, ó rí ajá, ó tú apá agbádá sílẹ̀. Aládùúgbò mi kan kí mi káàbọ̀ pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀. "Ẹ kú àjò o. Wọ́n ní egungun ajá le ju ti ẹja lọ. Ṣé ẹ rí i yọ?"

Mo fi àgbọ̀n tọ́ka sí pálọ̀. Kàríímù jókòó síbẹ̀, ìyàwó mi ti gbé ìkọ́kọrẹ́ ewùrà síwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́, ó ń gbé e mì gbànìgbànì.

"Mo yọ ọ́," mo ní. "Ó wà nínú ọ̀fun tó ń jẹun lọ́hùn-ún yẹn."

Kò yé e. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kàríímù ṣì wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí dókítà pè pé àyẹ̀wò ti jáde, dìgbòlugi ni. Kàríímù bọ́ síta, ó dúró sídìí igi máńgòrò wa fún ìgbà pípẹ́, n kò tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn lójú gbogbo ilé, mo ní, "Ó ti lọ." Ó sunkún bí ẹni tí egungun ẹja bọ́ lọ́fun rẹ̀ ní ti òótọ́.

Ajá mi àti ológbò mi ti gba abẹ́rẹ́ báyìí. Aládùúgbò mi ní mo ti ya òyìnbó. Ọmọ ajá kan ni mo fún Kàríímù mú padà sí Wọ́tásáìdì, òun náà ti gba tirẹ̀. Sìfáwù pè mí ní àná pé wọ́n ti dé ulé láyọ̀. Mo bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ sọ ajá náà lórúkọ. Ó ní òun kúkú ń gbọ́ ọ níta, Kàríímù ti ń pè é láti òwúrọ̀ ní iwájú ilé ọkùnrin tó fẹ́ fi ata rodo jẹ ajá. Ó gbé fóònù sójú fèrèsé kí n lè gbọ́ ọ fúnra mi.

"Kò-dìgbà-tó-gbòlugi!" ni ó ń pè. "Kò-dìgbà-tó-gbòlugi! Wá jẹun!"